Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Lọ Sílé: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Tẹ́ Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rí i pé ẹ ti mọ òfin ìpínlẹ̀ California lórí iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan lè tọ́jú sórí bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì 1 sí aláìsàn 2 ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, 1 sí 4 ní pàjáwìrì, 1 sí 5 ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ bíi pé òfin náà yóò dìde jà fún yín fúnra rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ìwọ̀n tó kéré jù lọ nìyẹn. Bí àìsàn àwọn tó wà nílẹ̀ bá le, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi nọ́ọ̀sì kún un. Tí ọ̀gá bá ní "ẹ ò ṣáà tíì kọjá márùn-ún", ẹ béèrè bí wọ́n ṣe wọn líle àìsàn wọn. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kejì, gbogbo ìgbà ni òfin wí, títí kan ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá lọ jẹun. Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn gbé ọ̀rọ̀ bréèkì yìí lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní 2004, ọdún tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bréèkì yìí gan-an ló sì ṣe mí léṣe.

Alẹ́ ni. Ẹnìkejì mi fẹ́ lọ jẹun, kò sẹ́ni tó máa dípò rẹ̀. Ọ̀gá sífíìtì ní kí n bá a fojú wo àwọn tirẹ̀. Fojú wo! Márùn-ún tèmi, márùn-ún tirẹ̀, mẹ́wàá gbáko. Mo ní kò bófin mu. Ó ní ṣé èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn mi kan lára, ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ tí èèyàn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ni bàbá kan lára àwọn tirẹ̀ bá tẹ aago. Ó tún un tẹ̀. Ó fẹ́ tọ̀ ni. Kí n tó débẹ̀, bàbá ti dá dìde, ó ti ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán.

Èmi ni wọ́n bi pé kí ló dé tí n kò dá aago lóhùn. A kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀. Olùbẹ̀wò dé, ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìpín iṣẹ́ wá. Ìwé mọ́ tónítóní: márùn-ún lábẹ́ orúkọ mi, márùn-ún lábẹ́ ti ẹnìkejì mi, ọ̀gá sífíìtì ló sì dípò rẹ̀ nígbà bréèkì. Ọ̀gá tí kò dìde nídìí kọ̀ǹpútà! Òfin kì í ka ọ̀gá mọ́ òǹkà àfi tó bá ń tọ́jú aláìsàn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Wọ́n ní ẹ̀sùn wa kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ wọ fáìlì mi, ọ̀gá gba ìgbéga. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́.

Bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹ ó fi sọ pé ẹ gba iṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹ ta kò ó, wà lórí wọ́ọ̀dù wa. A kì í fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó bá kọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní oníwàhálà. Kí wọ́n máa pè é lọ. Ẹ̀yin ẹ kọ ọ́: aago mélòó, aláìsàn mélòó, ta lẹ sọ fún, kí ló fèsì. Láti 2020, owó ìtanràn wà fún ilé ìwòsàn tó bá rú òfin yìí, 15,000 dọ́là fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, 30,000 fún èyí tó bá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn máa bọ́ tó bá fi hàn pé ohun tí òun kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, tí òun sì ti sáré wá ẹni tó máa dípò. Nítorí náà, ẹ bi ọ̀gá lójú ẹsẹ̀ pé, "Ta lẹ ti pè?" Tó bá ní òun ò pe ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn o, ibẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín.