Ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 2026

Àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ ní físíìsì ò yé bi mí nípa ọjọ́ yìí: “Sà, ṣé lóòótọ́ ni pé ayé máa kún àkúnya lọ́jọ́ náà?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá rèé. Ní 1960, Heinz von Foerster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Yunifásítì Illinois kó iye ènìyàn tó ti gbé ayé láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì jọ, wọ́n wá ìlà tó bá a mu, wọ́n sì fà á lọ síwájú. Ìlà ń ga, ó ń ga, títí tó fi kọjá gbogbo òǹkà ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 2026.

Ìràwọ̀ ni mo fi ń dá wọn lóhùn. White dwarf jẹ́ ìràwọ̀ tó ti jó epo rẹ̀ tán. Ìwúwo rẹ̀ ń fún un pọ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, èérún tíntìntín tí kì í gbà kí wọ́n kì wọ́n mọ́ ojú kan, ni kì í jẹ́ kó wó. Sirius B, ọ̀kan nínú wọn, wúwo tó oòrùn, síbẹ̀ kò tóbi ju ayé wa yìí lọ. Bí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sì ṣe ń wúwo sí i ló ń kéré sí i. Ní 1930, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e láti Íńdíà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Subrahmanyan Chandrasekhar, ọmọ ọdún 19, ṣírò rẹ̀ débi tó parí sí. Tí ìwúwo náà bá ti tó nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ti oòrùn, eré àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á ti fẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, apá wọn ò ní ká a mọ́, ìràwọ̀ á wó sínú ara rẹ̀. Eddington, àgbà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, dìde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1935, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Ó ṣì ń ká mi lára, torí ọmọ yẹn ló jàre.

Ìlà méjèèjì ló lọ síbi tí etí ò gbọ́ rí. Àmọ́ Chandrasekhar mọ ohun tó wà lábẹ́ tirẹ̀: ìwà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí kì í yí padà. Lábẹ́ ti von Foerster, iye àná nìkan ló wà. Obìnrin tó kàwé, tó sì fọkàn balẹ̀ pé àwọn ọmọ òun á yè, lè bí mẹ́ta níbi tí ìyá rẹ̀ ti bí méje. Láàárín 1960 sí 1970, iye ènìyàn ayé ń fi ohun tó lé ní ìdá 2 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dún. Ní báyìí kò tó ìdá 1 mọ́.

Nílé wa níbí ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba ní 2018 sọ pé obìnrin kan ń bí ọmọ 5.3, ti 2023 sí 2024 sọ pé 4.8. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó sọ ní 2017 pé a máa lé ní mílíọ̀nù 400 ní 2050 ti dín in sí nǹkan bí mílíọ̀nù 360 ní 2024. Ó ń dùn mí pé 400 yẹn náà ni wọ́n ṣì ń fi halẹ̀ mọ́ wa lórí rédíò, bí ẹni pé kò sí ìyá kan tó ti tún èrò rẹ̀ pa láti ìgbà náà.