Ẹ̀yin intern físíò, ẹ má jẹ́ kí "kò dùn mí mọ́" tàn yín

Oṣù yìí ló pé ọdún 10 tí mo ti ń ṣe físíò. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò mi, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọ̀kan nínú yín tó fẹ́ ṣe ohun témi náà ṣe nígbà yẹn, àyà mi já.

Ìkíní, ẹ yé sọ fún pésẹ́ǹtì pé "iṣan ni" kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Gbogbo ẹ̀ là ń pè ní iṣan nílé. Ẹ fọwọ́ kàn án fún wọn: èyí tó so ẹran mọ́ egungun, tẹ́ńdọ̀n nìyẹn, èyí tó so egungun mọ́ egungun, lígámẹ́ńtì nìyẹn.

Ìkejì, kọ́lájìn, purotéènì tí ara fi ń ṣe fọ́nrán tẹ́ńdọ̀n àti lígámẹ́ńtì. Láti 200 level lẹ ti mọ̀ pé wọ́n lọ́ tẹ́ńdọ̀n bí okùn ni, fọ́nrán kéékèèké nínú fọ́nrán ńlá, pé tẹ́ ẹ bá yọ omi inú ẹ̀ kúrò, kọ́lájìn táìpù 1 ló máa pọ̀ jù nínú èyí tó kù, pé fọ́nrán lígámẹ́ńtì ò tò gbọọrọ tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo gba A nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá já, táìpù 3 ni ara kọ́kọ́ fi ń dí ojú ibẹ̀, tín-ín-rín ni, kò lágbára, ó sì lè ju ọdún kan lọ kí ibẹ̀ tó tò dáadáa. Ibí yìí ni mo ti ṣubú.

Bọ̀dá kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tẹ́ńdọ̀n gìgísẹ̀ ẹ̀ já, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kó máa wá sọ́dọ̀ mi. Ní ọ̀sẹ̀ 9 ó ń rìn, kò tiro, mo tẹ ibẹ̀, kò dùn ún, inú mi wá dùn débi pé mo ní kó fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó fò ló yíjú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó gbá a nípàá. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fún ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ò mì, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó mì tí tẹ́ńdọ̀n ò bá tún já. Mo tún fún un, bóyá mi ò fún un dáadáa. Ó ń bi mí pé "Dókítà, ṣé kò sí nǹkan?", mi ò lè dáhùn.

Ọ̀gá tó fọwọ́ sí ètò ìtọ́jú tí mo kọ fún bọ̀dá yẹn láì kà á ló dúró láàárín wọ́ọ̀dù tó ní èmi nìkan ni mo ṣe é. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, mi ò ní parọ́.

Ẹ gbọ́, sẹ́ẹ̀lì inú tẹ́ńdọ̀n ò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ ò tó nǹkan, pàápàá ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 sókè egungun gìgísẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì sábà ń já. Ẹran á ti le, ọkàn pésẹ́ǹtì á ti le, ibi tí wọ́n rán ò tíì le. Ẹ ka ọ̀sẹ̀, ẹ ka ohun tí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ kọ, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé gìgísẹ̀ sókè dáadáa kẹ́ ẹ tó ní kó fi ẹyọ kan gbé e, ká tó wá sọ̀rọ̀ fífò. Ẹ má sì torí ìbẹ̀rù ní kó jókòó sílé o, ẹrù díẹ̀díẹ̀ yẹn ló ń to fọ́nrán sójú kan.

Ẹ̀kọ́ méjì tó kù, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Wọ́n tún ẹsẹ̀ bọ̀dá yẹn ṣe. Ó ń rìn, bọ́ọ̀lù ni kò gbá mọ́. Ó ṣì máa ń pè mí lọ́jọ́ ọdún, ẹsẹ̀ yẹn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ béèrè kí n tó kí i kú ọdún.