Owó fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30

Motion graphics ni iṣẹ́ mi, ìyẹn mímú kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ máa rìn nínú fídíò. Oníbàárà kan pè mí láàárọ̀ yìí: “Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni, kí ló dé tí owó yín fi pọ̀ tó báyìí?”

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé. Fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 750 nìyẹn. Owó tí mò ń san lórí After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí, wà nínú owó náà, owó orí, kọ̀ǹpútà tí yóò gbó, ọjọ́ àìsàn, ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ ò ní wọlé. Ìsinmi náà wà níbẹ̀ o, torí ojú àti ọrùn ọwọ́ la fi ń ṣiṣẹ́. Bí mi ò bá kà wọ́n mọ́ ọn, mi ò lè pẹ́ nídìí motion graphics.

Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú rẹ̀. Ìkẹta ní owó tirẹ̀.

Wọ́n ní kí n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Inú mi dùn gan-an!