Abuja sí Jídà: wákàtí mélòó ni lójú òfurufú?

Bí a bá fa okùn láti pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe dé ti King Abdulaziz ní Jídà (Jeddah, ní Saudi Arabia), ó tó kìlómítà 3,690. Tí bàálù bá kúrò ní Abuja, okùn yẹn á kọjá lókè Maiduguri, á gba Chad àti Sudan, á wá fo Òkun Pupa. Àwọn ará wa ní Lugbe àti Kubwa tó ń múra Hájì tàbí Úmúrà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn pé "wákàtí márùn-ún ni." Òótọ́ ni, àmọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Bàálù ńlá tó bá ti gòkè tán ń sáré bíi kìlómítà 870 ní wákàtí kan. Ẹ fi pín 3,690: wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún rírìn nílẹ̀ kó tó gbéra. Márùn-ún pé. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn òkè máa ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́, á ti bàálù lẹ́yìn lálọ, á sì kò ó lójú lábọ̀.

Ohun tó ń ba ìṣirò jẹ́ jù ni ọ̀nà tó dí. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Sudan ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n ti ojú òfurufú ibẹ̀ pa. Ẹni tó bá ń lọ Jídà ní láti yípo gba Libya àti Egypt, tàbí kó gba Ethiopia, wákàtí márùn-ún wá ń sún mọ́ méje.

Aago Saudi fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní ẹ gbéra ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ ó gúnlẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí márùn-ún ni, kì í ṣe méje.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi aṣọ ihram (aṣọ funfun méjì tí ọkùnrin ń ró fún Hájì tàbí Úmúrà) sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń lọ sí Mẹ́kà tààrà, ó sàn kí ẹ ti ró o láti Abuja, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù há, èrò sì máa ń tò síbẹ̀. Ẹ yan èyí tó nípọn bíi táwẹ́ẹ̀lì, òtútù inú bàálù kì í ṣeré. Àníyàn (niyyah, ìpinnu ọkàn láti bẹ̀rẹ̀ ìjọsìn náà) nìkan ni kí ẹ dá dúró di ìgbà tí wọ́n bá kéde miqat, ààlà tó yẹ kí ẹ ti wọ ihram kí ẹ tó kọjá. Bàálù ń jẹ kìlómítà mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó sùn lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè ti kọjá ààlà, ó sì lè di ẹni tó ń wá ẹran pa nítorí rẹ̀. Ẹ bẹ ẹni tó jókòó tì yín kó jí yín. Ẹ má sì ka wákàtí tí ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá sọ fún yín: ọ̀nà tí tiyín ń gbà lè yàtọ̀, ìkéde inú bàálù yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.