Àlùmọ́gàjí tí mo há mọ́lẹ̀

Télọ̀ ni mí ní Alékúwódò, níbí ní Òṣogbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọṣẹ́ tó mọwọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀: bí ṣọ́ọ̀bù míì bá ń fojú sí i lára, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ń dùn ún kẹ́ ẹ tó kọwọ́ bàpò. Èmi ò bi í.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, tó bá ti jókòó sídìí tíńkò, èèyàn á rò pé ó ya ọnà ọrùn agbádá náà ni, kì í ṣe pé ó rán an. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wá ṣí ní Òkè-Fíà, kò sì tó oṣù kan tí wọ́n fi ń pè é. Mo fi kún owó rẹ̀. Mo tún lọ fa àgbà télọ̀ méjì tó lórúkọ wá, mo ṣèlérí owó oṣù fún wọn, aṣọ wá o, aṣọ ò wá o. Ọdún Kérésì parí, ọjà dákú, wọ́n ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ń sanwó.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a máa ń dá owó jọ yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìjàkadì Amẹ́ríkà. Ọdún 1995 ni WCW, ẹgbẹ́ ìjàkadì tí Ted Turner, olówó tẹlifíṣọ̀n, ń náwó sí, gbé ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Nitro síta lálẹ́ ọjọ́ Ajé, àsìkò kan náà tí WWF, ẹgbẹ́ ti Vince McMahon, ń ṣe ètò tiwọn, Raw. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ Nitro gan-an ni ajàkadì kan, Lex Luger, ṣàdédé jáde sí wọn. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, WWF ló jà fún! Lọ́dún 1996, Scott Hall àti Kevin Nash náà rékọjá, nítorí owó tó dájú, yálà èèyàn jà tàbí kò jà. Ó lé ní ọgọ́rin ọ̀sẹ̀ tí iye àwọn tó ń wo Nitro fi ju ti Raw lọ.

Àmọ́ ta ni WCW ní nílé? Wọ́n ní Steve Austin, wọ́n lé e ní 1995 nígbà tó fara pa. Wọ́n ní Chris Jericho, wọn ò jẹ́ kó kọjá àárín. Iwájú kún fún àwọn àgbà, Hulk Hogan sì ní in nínú àdéhùn pé òun lè sọ pé òun ò gbà bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ìjà òun parí. (A ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n ti ń mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó wọlé. A máa ń bá ara wa jà lórí ẹ̀.) Austin yìí kan náà ló dá èèyàn padà sídìí Raw ní 1998. Jericho náà lọ bá WWF ní 1999. Nígbà tó di oṣù kẹta 2001, McMahon ra WCW.

Lálẹ́ Sátidé kan, ọmọ náà dúró lẹ́yìn tí gbogbo wa ti palẹ̀ mọ́. Ó ń ká téèpù mọ́ ìka méjì, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Kì í ṣe owó. Ọdún mẹ́rin rèé tí mò ń ṣe ọnà sára aṣọ tí ẹlòmíì gé."

Ó fa àlùmọ́gàjí kan yọ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á, ó ń retí ọjọ́ tí màá ní kó wá gé aṣọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi àgbàlagbà ṣe. Mo gbé àlùmọ́gàjí náà, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní ó di ìgbà tó bá parí aṣọ ẹbí tó wà nílẹ̀. Mo ti bú McMahon rí lórí ohun tó ṣe fún Bret Hart ní Montreal ní 1997: Hart ti fẹ́ lọ sí WCW, McMahon ní kí wọ́n lu agogo pé ó ti túúbá, nígbà tí kò túúbá. Èmi náà ṣe tèmi ní Alékúwódò. Ọmọ náà parí aṣọ ẹbí yẹn láìyọ òwú kan sílẹ̀, ó sì lọ láìbèèrè nǹkan rẹ̀.

Ní báyìí, ẹni tó bá ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ mi á máa gé aṣọ. Ó kọ́kọ́ máa gé ti ìyàwó mi àti tàwọn ọmọ mi, kó bà á jẹ́ síbẹ̀. Tí oníbàárà bá yin iṣẹ́, mo máa ń pe ẹni tó ṣe é jáde kó wá gbọ́ ọ. Iye orí aṣọ ni mò ń san, títí kan ti àgbà télọ̀ kan tó kù. Èkejì ti bínú lọ.

Oṣù méje kọjá kí ojú tó jẹ́ kí n gbé àlùmọ́gàjí yẹn lọ sí Òkè-Fíà. Mo bá a nídìí tábìlì, ó ń gé gínnì funfun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fà mí ní àga. Mo na nǹkan rẹ̀ sí i nínú ọ̀rá, mo ní kó má bínú.

"Ọ̀gá mi, mo ti ní òmíì," ó ní. "Ẹ fún ẹni tó wà nídìí tíńkò yín báyìí."