Ẹ Bá A Sọ Ẹrù Ná Kí Ẹ Tó Bi Í Léèrè

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ó sì ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà kí ẹ̀yin tí a jọ ń fi ọrùn jẹun forí jì mí bí mo bá tún ibì kan sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Sìmẹ́ǹtì ni à ń já ní Ṣàgámù. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí: bí tírélà bá kó 600 àpò dé, tí àwa mẹ́rin pín in, 150 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpò kan sì jẹ́ 50 kìló. Lọ́jọ́ òjò kan, ẹsẹ̀ ẹnìkejì mi yọ̀ lórí pákó, ó ṣubú, àpò tó rù sì balẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èmi ni mo tẹ̀lé e. Wọ́n gbé e lọ, ẹni tó ni ọjà ní kí a já ìyókù, a sì já a. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi, nítorí bí mo bá ti dijú, ìró àpò yẹn ni mò ń gbọ́. Mò ń mu párága láàárọ̀ kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n, mo sì tún ń mu ún lálẹ́ kí n lè sùn.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló wá burú jù. Mo ru àpò kejìlélógún dé etí pákó, ẹsẹ̀ mi kò sì lọ mọ́. N kò ṣubú, n kò sọ̀rọ̀, mo kàn dúró sójú kan, àpò wà lórí òṣùká. Wọ́n ń pariwo lẹ́yìn mi pé kí n máa lọ, ẹnì kan ní mo ti mu ún yó, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Omijé ń la ojú ọ̀nà nínú eruku sìmẹ́ǹtì tó bò mí lójú, n kò sì lè nù ún, nítorí ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gun pákó bọ̀ láti iwájú, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpò náà, ó ní, “Àbúrò, jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀ ọ́.” Kò bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo fọjú tán tí mo mu omi ló tó béèrè ohun tó ṣe mí, mo ní kò sí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún béèrè. Ó ní òun náà ti rí irú rẹ̀ rí.

Òun ló bá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n fún mi ní oògùn àti ọjọ́ ìpadàbọ̀, mo sì ti ń sùn. Ohun tó ti ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn yóò ní mo ti di èrò Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Nọ́ọ̀sì ló wá sọ fún mi pé ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ní Arò, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn.

Mo fẹ́ pe ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ bá a sọ ẹrù ná. Kò sí ẹni tó ń dá gbé àpò ru ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ wa, ẹlòmíràn ló ń gbé e rù ú. N kò mọ ìdí tí a fi rò pé yóò dá a sọ̀. Ẹ má fi párága tù ú nínú. Bó bá ní kò sí nǹkan, ẹ tún un béèrè, ṣùgbọ́n kí ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ọ̀lẹ, kó wá ru 150 àpò.

Lánàá, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa kò bá wa mu gàrí. Mo gbé abọ́ mi lọ jókòó tì í. Ó ní kò sí nǹkan. N ó tún béèrè lọ́la.