Béèrè Lọ́wọ́ Òbí Rẹ

Ẹni tó bá rí mi lálẹ́ àná níwájú kọ̀ǹpútà, tí mo ń bẹ búráúsà bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àna, kò ní gbà pé èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn náà. Èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ má lè dé ibi tí kò yẹ ọmọdé, èmi ni mo yan páásíwọ́ọ̀dù tí mo búra pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀, èmi náà ni n kò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ikọ́ kan ni mo fẹ́ kà. Àmọ́ mo ti ní kí búráúsà dènà oògùn olóró, kò sì mọ ti ikọ́ yàtọ̀. Ni ojú ìwé bá funfun báláú, ó ní: "Béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ." Èmi, tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun, tí àwọn òbí mi méjèèjì ti lọ sí ibi àgbà ń rè! Ṣé ojú oórì ni kí n lọ ti béèrè ni? "Rẹ" yẹn gan-an ló dùn mí jù, àní kò lè fi "yín" bọ̀wọ̀ fún mi.

Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni páásíwọ́ọ̀dù náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà 10,000 ni ènìyàn lè gbà tò ó. Mo tẹ ọdún tí a bí àkọ́bí wa, ó kọ̀. Mo tẹ ọdún ìgbéyàwó wa, ó kọ̀. Ìyàwó mi tó ń wò mí lẹ́yìn ní ọdún tí mo tẹ̀ yẹn kọ́ ni a ṣègbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Búráúsà ní kí n lọ jókòó fún ìṣẹ́jú kan, ó di ìṣẹ́jú 5, ó di 15, ó di wákàtí kan gbáko. Mo wá rántí pé mo kọ ohun ìránnilétí sílẹ̀ fún ara mi. Mo ṣí i. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: "O kúkú mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ ni ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, ti yọ lẹ́yìn àga.

"Bàbá mi, ṣé kí n bá yín tẹ̀ ẹ́?"

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣe é ni. Ẹ máa ń kà á sókè bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, ara mi nìkan ni mò ń ṣọ́ nínú ilé! Mo yí páásíwọ́ọ̀dù náà padà lójú ẹsẹ̀, mo fi ọwọ́ kan bo bọ́tìnnì, mo sì di ẹnu mi pinpin.

Ọmọ náà kò kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ tuntun yẹn sílẹ̀, ẹ máa gbàgbé."